Hendon: Láti Pápá Ìran dé Ilé Ìrántí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfarakanra. Òwe yìí ti wà lẹ́nu àwọn Yorùbá tipẹ́tipẹ́ kí ọmọ ènìyàn tó fi ẹ̀rọ gòkè lọ sí òfuurufú. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ayé gbòòrò tó kí olúkúlùkù máa ṣe tirẹ̀ láìdí ẹnìkejì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ aráyé rí ọ̀nà àtifò, kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ojú ọ̀run náà di ohun tí à ń jà sí, tí à ń pààlà sí, tí a sì ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn kan. Ibì kan wà ní apá àríwá ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí ènìyàn ti lè rí gbogbo ìtàn náà lójú kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí di òní. Hendon ni orúkọ ibẹ̀, níbi tí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà, ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí R.A.F.

Ẹni tí ó bá wọ ilé náà láìmọ ìtàn ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀ yóò rí irin, yóò rí apá ọkọ̀ àti ìbọn, yóò yanu, yóò sì padà sílé. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn rẹ̀ ni yóò mọ̀ pé iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀ kan ṣoṣo yìí ti ṣe. Ó kọ́kọ́ jẹ́ pápá ìran. Ó di pápá ogun. Lẹ́yìn èyí ni ó tó di ilé ìrántí. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí kò kan àwọn ènìyàn dúdú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí a tó kọ orúkọ wọn sára ògiri.

PÁPÁ ÌRAN

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, oko àti pápá koríko ni ó pọ̀ jù ní Hendon. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù kò tíì nà dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 1909, obìnrin kan tí ń jẹ́ Muriel Matters gòkè láti Hendon nínú ọkọ̀ aláfẹ́fẹ́ tí ó gùn gbọọrọ. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò ni. Ó ń da ìwé pélébé-pélébé sílẹ̀ láti òkè, kí àwọn ará ìlú lè kà pé ó yẹ kí obìnrin náà máa dìbò. Nítorí náà, ọ̀kan nínú àwọn ohun àkọ́kọ́ tí a fi òfuurufú Hendon ṣe ni ìbéèrè fún ẹ̀tọ́. Ó yẹ kí ẹni tí ń ka ìtàn fi èyí sọ́kàn, nítorí ìbéèrè náà yóò tún padà wá, lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1910, ìwé ìròyìn kan gbé £10,000 kalẹ̀ fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fò láti Lọ́ńdọ̀nù dé Manchester. Ará Faransé kan, Louis Paulhan, gbéra ní Hendon, ó sì borí. Ẹni tí ó bá a du ẹ̀bùn náà ni Claude Grahame-White, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó fi òkùnkùn òru fò kí ó lè bá a, ṣùgbọ́n tí kò bá a. Grahame-White pàdánù owó, ṣùgbọ́n ó rí ohun mìíràn: ó rí ilẹ̀. Kí ọdún 1911 tó parí, ó ti ra pápá Hendon, ó sì ti sọ ọ́ di ibi tí a ti ń kọ́ ènìyàn ní fífò, tí a ti ń kan ọkọ̀ òfuurufú, tí a sì ti ń gba owó lọ́wọ́ òǹwòran.

Àwọn òǹwòran náà pọ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1912, nígbà tí àwọn awakọ̀ òfuurufú sáré yí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ká, nǹkan bí 45,000 ènìyàn ni ó sanwó wọ pápá náà. Ibẹ̀ náà ni Gustav Hamel ti gbéra ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1911 tí ó fi ọkọ̀ òfuurufú gbé lẹ́tà lọ sí Windsor. Iṣẹ́ ayọ̀ ni gbogbo èyí, bí ìgbà tí eégún aláré bá jáde tí tọmọdé tàgbà tú síta.

Ṣùgbọ́n Grahame-White kì í ṣe aláré lásán, oníṣòwò ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1911, ó pe àwọn mínísítà àti àwọn aṣòfin wá sí Hendon, ó sì fi hàn wọ́n bí a ti lè ju bọ́ǹbù láti òkè sórí ohun tí a yà sílẹ̀. Ohun tí ó ń tà fún wọn ní ọjọ́ náà yàtọ̀ sí ohun tí ó ń tà fún àwọn òǹwòran. Ọdún mẹ́ta péré ni ó kọjá kí ìjọba tó wá ra ọjà náà pẹ̀lú ọlọ́jà rẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ìjọba gba pápá náà. Lẹ́yìn tí ogun parí, ilẹ̀ kò padà sí ọwọ́ ẹni tí ó ni ín mọ́. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́, títí di nǹkan bí ọdún 1925 tí ilẹ̀ fi di ti ìjọba pátápátá, tí ọkùnrin náà gba owó, tí ó sì kẹ́yìn sí iṣẹ́ fífò. Ilé ìkanọkọ̀ tí ó kọ́ sí ibẹ̀ ní 1917 ṣì wà. A tú u palẹ̀, a sì tún un kọ́ sí àyíká ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, inú rẹ̀ sì ni a to àwọn ọkọ̀ Ogun Àgbáyé Kìíní sí lónìí.

ÌRAN TÍ Ó NÍ Ẹ̀GÚN NÍNÚ

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1918 ni a dá R.A.F. sílẹ̀. Bí ogun ti parí ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ àti ti ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé kí ni ẹgbẹ́ tuntun yìí tún wà fún. Ogun ti tán, owó kò sí. Ẹni tí kò bá rí iṣẹ́ ṣe ni a ó kọ́kọ́ yọ lẹ́nu iṣẹ́. Hugh Trenchard, ẹni tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà, wá iṣẹ́ fún un ní ilẹ̀ àwọn tí a ń ṣàkóso lé lórí.

Ní ọdún 1920, R.A.F. kó ọkọ̀ òfuurufú 12 lọ sí ilẹ̀ Sòmálíà, wọ́n sì ju bọ́ǹbù sí àwọn odi Sayyid Mohammed Abdullah Hassan, ẹni tí ó ti ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà fún ogún ọdún. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, agbára rẹ̀ fọ́. Owó tí ogun náà ná wọn kéré gan-an sí èyí tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ìbá ná, inú àwọn tí ń ṣọ́ owó ìlú sì dùn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé ọgbọ́n náà lọ sí ilẹ̀ Ìráàkì. Ẹgbẹ́ ogun òfuurufú ti rí ohun tí yóò jẹ́ kí ó wà láàyè: à ń fi ẹ̀rọ díẹ̀ àti owó díẹ̀ dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní ẹ̀rọ.

Hendon ni a ti wá ń fi ọgbọ́n yìí han gbogbo ìlú. Láti ọdún 1920 títí di 1937, ọdọọdún ni R.A.F. ń ṣe àfihàn ńlá ní pápá náà. Àwọn ọkọ̀ á dàbírà lójú sánmà, Ọba àti àwọn ìjòyè á jókòó sórí àga, àwọn ará ìlú á sì dúró láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí wọ́n tú ká, eré kan a máa wà tí ó jẹ́ òpin gbogbo rẹ̀. Ní àwọn ọdún kan, odi tàbí abúlé tí a fi igi àti aṣọ kọ́ ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀, tí wọ́n á sọ pé ti àwọn ọlọ̀tẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni. Ní 1927, ìlú àfinúrò kan ni wọ́n gbé kalẹ̀, Irquestine ni wọ́n pè é. Àwọn ọmọ ogun kan wọ aṣọ bí ará ilẹ̀ náà, wọ́n ṣe bí ẹni pé wọ́n fẹ́ pa àwọn òyìnbó, obìnrin àti ọmọdé, ni àwọn ọkọ̀ òfuurufú bá dé, wọ́n gba àwọn òyìnbó là, wọ́n sì fi bọ́ǹbù sọ ìlú náà di eérú. Àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́.

Kò sí ẹni tí ó kú nínú eré náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ka ìpalára kan sí i. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ni eré jẹ́, gẹ́gẹ́ bí alárìnjò ti mọ̀. Ohun tí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wo ìran yìí láti kékeré rí kọ́ ni pé oríṣi ènìyàn méjì ni ó wà láyé: àwọn tí ń fò, àti àwọn tí à ń fò lé lórí. Kì í ṣe ohun ìyanu pé nígbà tí àwọn tí a kà sí ìkejì béèrè pé àwọn náà fẹ́ fò, etí àwọn aláṣẹ kò gbà á.

ILẸ̀KÙN TÍ A TÌ, TÍ A SÌ ṢÍ

Nínú òfin ẹgbẹ́ náà, kí ẹnìkan tó lè di ọ̀gá, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Yúróòpù láti ọ̀dọ̀ baba àti ìyá. Ohun tí ó ya ni lẹ́nu ni pé àwọn tí ó fi òfin yìí ti ilẹ̀kùn ti rí ẹ̀rí tẹ́lẹ̀ pé kò sí òótọ́ nínú ìrò wọn. Ní ọdún 1917, William Robinson Clarke, ọmọ Jàmáíkà, ti gba ìwé ẹ̀rí awakọ̀ òfuurufú, ó sì ti wa ọkọ̀ lójú ogun títí àwọn ọ̀tá fi yìnbọn bà á ní oṣù keje ọdún náà. Ó farapa, síbẹ̀ ó gbé ọkọ̀ padà délé. Nígbà tí ogun parí, ẹ̀rí náà wọ inú àpótí, òfin sì wà lórí tábìlì.

Ogun Hitler ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé a ti gbé ìdènà àwọ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìgbà tí ogun bá fi wà. Kí òǹkàwé kíyèsí ọ̀rọ̀ náà dáadáa: fún ìgbà tí ogun bá fi wà. Wọn kò sọ pé òfin náà burú. Wọ́n ní ó di ìgbà mìíràn ná. Àìní ni ó ṣí ilẹ̀kùn, kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn, nítorí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í bèèrè irú ọwọ́ tí ó gbé omi wá. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé ni yóò sọ ohun tí ó wá ṣe. Láti erékùṣù ilẹ̀ Karíbíà, nǹkan bí 6,000 ọkùnrin dúdú ni ó wọ R.A.F.; iṣẹ́ orí ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ṣe, ṣùgbọ́n àwọn tí ó fò ju 400 lọ. Láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nǹkan bí 50 ni ó fò. Iye yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n nínú 50 yìí ni àwọn ọmọ Yorùbá wà.

NÍNÚ ILÉ ÌṢẸ̀ǸBÁYÉ

Ní 1957, àwọn ẹgbẹ́ tí ń fò kúrò ní Hendon, nítorí ilé ti yí pápá náà ká, ọkọ̀ òfuurufú ti sì di ńlá jù ú lọ. Ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Beverley balẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1968, òun ni ó sì balẹ̀ kẹ́yìn. Ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1972 ni Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, nínú àwọn ilé ọkọ̀ tí a ti kọ́ láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ibùdó àwọn ọmọ ogun tí ó ṣẹ́kù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà títí di 1987 kí a tó tì í pa. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú pápá náà ni a kọ́ ilé gbígbé sí, a sì sọ àdúgbò náà ní Grahame Park, kí orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ má baà parẹ́.

Wíwọ ilé náà kò gba owó. Ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń gba àfiyèsí àlejò níbẹ̀ ni Sunderland, ọkọ̀ ńlá funfun tí ikùn rẹ̀ rí bí ikùn ọkọ̀ ojú omi, nítorí orí omi ni ó ti ń gbéra, orí omi ni ó sì ń bà sí. Àlejò lè wọ inú rẹ̀. Ọmọ Èkó tí ó bá wọ ibẹ̀ ní ohun tí yóò rántí. Ní ọdún 1943 àti 1944, ẹgbẹ́ R.A.F. kan, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 270, fi Àpápá ṣe ibùdó, irú ọkọ̀ yìí gan-an ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ òkun lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n fi irú mìíràn bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi ti Jámánì tí ń ri ọkọ̀ àwọn oníṣòwò. Lójú ọ̀run Èkó kan náà ni àwọn ọkọ̀ ogun mìíràn ti ń kọjá lọ sí Ìjíbítì. Tákóràdí ní ilẹ̀ Gánà ni a ti ń tò wọ́n pọ̀ bí wọ́n bá ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sílẹ̀. Wọ́n á gba Èkó, Kánò àti Máídúgùrí kọjá, wọ́n á dé Khartoum, kí wọ́n tó dé Káírò. Àwọn àkọ́kọ́ gbéra ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1940. Nígbà tí ogun náà fi parí ní Àríwá Áfíríkà ní 1943, ó ti ju 5,000 lọ. Ogun náà kì í ṣe ogun òkèèrè fún Nàìjíríà, bí àwọn ìwé kan ti máa ń mú kí ó rí.

Nínú gbọ̀ngàn àwọn ọkọ̀ ajubọ́ǹbù, ọkọ̀ méjì ni ó dúró fún ọ̀nà méjì tí ènìyàn ń gbà rántí ogun. Èkíní ni Lancaster kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ R5868. Ìgbà 137 ni ó lọ sí ogun tí ó sì bọ̀. A ya àmì bọ́ǹbù kékeré-kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìlà-ní-ìlà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún òru kọ̀ọ̀kan. Ó ń dán, ó dúró ṣinṣin bí akọni tí à ń kì. Lábẹ́ apá rẹ̀, ènìyàn á kéré bí ọmọdé lábẹ́ ìrókò.

Èkejì ni Halifax kan, W1048, èyí tí kò ní àwọ̀, tí kò dán, tí ó dàbí egungun ẹran ńlá tí odò gbé jáde. Ní òru ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1942, ó lọ bá ọkọ̀ ogun ńlá Jámánì kan, Tirpitz, jà ní ilẹ̀ Nọ́wè. Ìbọn bà á. Awakọ̀ rẹ̀ fi ikùn rẹ̀ bà sórí adágún Hoklingen, tí omi rẹ̀ ti di yìnyín. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ jáde láàyè. Ẹnìkan tí ó farapa ní ẹsẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, àwọn yòókù fẹsẹ̀ rìn títí wọ́n fi dé Swídìn, níbi tí kò sí ogun. Yìnyín yọ́, ọkọ̀ rì. Ọdún 31 ni ó fi wà nísàlẹ̀ omi kí a tó fà á jáde ní 1973. Àwọn olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lè tún un ṣe kí ó dà bí tuntun, ṣùgbọ́n wọ́n fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Ìpinnu ọlọ́gbọ́n ni. Ọkọ̀ tí a kùn ń sọ bí ogun ti fẹ́ kí a rí òun. Ọkọ̀ tí ó ti jẹrà ń sọ bí ogun ti rí.

Nítorí pé iṣẹ́ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò ṣe é fi ẹnu lásán yìn. Nínú nǹkan bí 125,000 ènìyàn tí ó fò nínú ẹgbẹ́ àwọn ajubọ́ǹbù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 55,573 ni ó kú. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì pé ọdún 25. Lábẹ́ wọn sì ni àwọn ìlú Jámánì wà. Ní Dresden nìkan, ní oṣù kejì ọdún 1945, nǹkan bí 25,000 ènìyàn ni iná jó pa. Bákan náà, bọ́ǹbù Jámánì ti pa ju 40,000 ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí oṣù karùn-ún ọdún 1941 tó parí. Ohun tí a fi ṣeré ní Hendon ní 1927, tí a pàtẹ́wọ́ sí, ti padà wálé ní tòótọ́. Ẹni tí ó bá ju òkò sọ́jà kò mọ ẹni tí yóò bà.

ÀWỌN ỌMỌ ÈKÓ

Emanuel Peter John Adéníyì Thomas ni ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tí ó di awakọ̀ òfuurufú àti ọ̀gá nínú R.A.F. Èkó ni a bí i sí ní 1914, ọmọ oníṣòwò ọlọ́rọ̀ ni. Ilé tí ó ti wá kì í ṣe ilé àwọn tí ń bẹ̀rù láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́: arábìnrin rẹ̀, Stella Thomas, ni obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó di lọ́yà, ní 1933, òun náà ni ó sì di obìnrin adájọ́ májísíréètì àkọ́kọ́ ní apá ibẹ̀ ní 1943. Ní 1941 ni R.A.F. gba Peter Thomas. Ní 1942 ni ó di ọ̀gá. Ní oṣù kìíní ọdún 1945, nígbà tí ogun kù fún oṣù díẹ̀ kí ó parí, ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún 30 ni, tàbí kí ó lé díẹ̀.

Bánkọ́lé Vivour náà ti kú ṣáájú rẹ̀. Inú ẹgbẹ́ 156 ni ó wà, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ń ṣíwájú láti fi iná àmì han àwọn yòókù ibi tí wọn yóò ju bọ́ǹbù sí. Ní òru tí ó la ọjọ́ 30 sí ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1944, R.A.F. rán ọkọ̀ 795 lọ sí Nuremberg. Òṣùpá mọ́lẹ̀ kedere, àwọn ọkọ̀ ọdẹ Jámánì sì rí wọn bí ẹni rí adìẹ ní gbangba. 95 kò padà. Òru náà ni ó burú jù fún àwọn ajubọ́ǹbù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú gbogbo ogun náà, Vivour sì wà lára àwọn tí ó kú.

Akin Shenbanjo ní tirẹ̀ padà délé. Inú ẹgbẹ́ 76 ni ó wà, ó ń lo ẹ̀rọ wáyálẹ́ẹ̀sì, ó sì ń yìnbọn, nínú Halifax irú èyí tí a fà jáde láti inú adágún. Àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń fò sọ ọkọ̀ wọn ní orúkọ nítorí tirẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí iwájú ọkọ̀ gàdàgbà pé *Achtung! The Black Prince*. Èdè Jámánì ni ọ̀rọ̀ kìíní, ìkìlọ̀ ni, pé kí ẹni tí ó gbọ́ ṣọ́ra. Ìyókù sì ń pe Shenbanjo ní ọmọ ọba adúláwọ̀. Ìjọba fi àmì ẹ̀yẹ Distinguished Flying Cross dá a lọ́lá.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ ọkọ̀ yìí, nítorí ìtàn tí ó wà nínú rẹ̀ ju ẹ̀fẹ̀ lọ. Ọdún 17 péré ni ó wà láàárín ìran Irquestine àti ọdún 1944. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ènìyàn dúdú ni ẹni tí ó wà nísàlẹ̀, tí à ń ju bọ́ǹbù lé lórí fún ìgbádùn òǹwòran. Ní ìgbà kejì, òun ni ó wà lókè, àwọn tí ẹ̀mí wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì fi orúkọ rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọ̀tá. Òfin kò yí ìrò ènìyàn padà láàárín ọdún 17 yìí. Ohun tí ó yí i padà, láàárín ọkùnrin méje nínú ọkọ̀ kan, ni pé wọ́n jọ wà nínú ewu kan náà, wọ́n sì rí i pé ẹnìkejì wọn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ni Johnny Smythe, ọmọ Sàró, ẹni tí ó jẹ́ atọ́nà nínú ọkọ̀ ajubọ́ǹbù, tí ọwọ́ Jámánì tẹ̀ ní 1943, tí ó sì di lọ́yà lẹ́yìn ogun.

IRIN ÀTI ORÚKỌ

Nígbà tí a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Hendon ní 1972, ọkọ̀ ni a kó jọ. Ó tó oṣù kọkànlá ọdún 2013 kí a tó ṣí àfihàn kan níbẹ̀ tí ó dá lórí àwọn ọmọ Áfíríkà àti Karíbíà tí wọ́n wọ R.A.F. lọ́fẹ̀ẹ́ ọkàn wọn; àwọn olùtọ́jú ìwé ìtàn àwọn ènìyàn dúdú ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó bá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ṣe é. Ọdún 41 ni ó wà láàárín. Àwọn kan lè sọ pé ó pẹ́ jù, wọn kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó dá ẹlòmíràn lẹ́bi, ó tọ́ kí a wo ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń gbà rántí yàtọ̀ sí ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà rántí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń tọ́jú ohun tí ọwọ́ lè kàn: bí ohun náà bá ṣẹ́kù, ìtàn rẹ̀ ṣẹ́kù, bí kò bá ṣẹ́kù, ìtàn rẹ̀ wà nínú ewu. Beverley tí ó balẹ̀ kẹ́yìn sí Hendon wà níta nínú òjò títí tí a fi fọ́ ọ wẹ́wẹ́, lónìí, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó rántí rẹ̀. Halifax tí a kàn ju 6,000 lọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun a fọ́ wọn tà bí àlòkù irin, àfi èyí tí omi bò mọ́lẹ̀ tí ó fi wà. Yorùbá ní tiwọn ń tọ́jú orúkọ. Oríkì kò nílò irin. Ẹnu ni ó ń gbé e. Ènìyàn lè kú sí ojú òkun tí a kò rí òkú rẹ̀ sin, kí a sì máa kì í ní agboolé fún ìran mẹ́rin. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní àléébù tirẹ̀. Irin kò mọ orúkọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀; ẹnu sì ń dákẹ́ nígbà tí ẹni tí ó ni ín bá kú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn 50 náà ni pé ọ̀nà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ já wọn kulẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ tí wọ́n fò ti di irin àlòkù. Ní ilé, òmìnira dé, ìlú sì ń wá akọni tí ó bá òyìnbó jà, kì í ṣe akọni tí ó bá òyìnbó lọ sógun. Nígbà tí Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ ogun òfuurufú tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964, Jámánì ni ó kọ́kọ́ rán olùkọ́ wá, ogún ọdún lẹ́yìn ikú Vivour lójú ọ̀run Jámánì. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn, nítorí ọ̀tá àná lè di ọ̀rẹ́ òní. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun ìbá jàǹfààní bí ó bá mọ̀ pé àwọn ọmọ rẹ̀ kan ti ṣe iṣẹ́ náà rí, àti iye tí wọ́n fi ra á. Ọdún mẹ́ta péré ni ó kọjá tí bọ́ǹbù fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti ojú ọ̀run Nàìjíríà fúnra rẹ̀, nínú ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970, bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ náà rí.

Àwọn tí ó fò nígbà ogun Hitler ti lọ sí àjùlé ọ̀run. Àwọn ọmọ wọn àti ọmọ-ọmọ wọn ṣì wà, ní Èkó àti ní ìlú òyìnbó. Nínú ilé púpọ̀, àpótí kan ń bẹ lábẹ́ ibùsùn tàbí lókè àjà, tí àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wọ aṣọ ológun wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́, tí ikán sì lè rí ṣáájú akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ ìtàn tí ó bá rán ọmọ ilé ìwé lọ bèèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀ pé ta ni ó wà nínú àwòrán yẹn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, láìní gbọ̀ngàn, láìní ọkọ̀ kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, ti ṣe ohun tí Halifax inú adágún kò lè ṣe fún ara rẹ̀.

Ní Hendon, ìmọ́lẹ̀ ń tàn sára Lancaster láti òwúrọ̀ títí di àkókò tí a ń ti ilẹ̀kùn, àlejò sì ń ka àmì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi dé 137. Ó dára kí a ka iye ìgbà tí irin lọ tí ó sì bọ̀. Àwọn ènìyàn tí ó lọ tí kò bọ̀, orúkọ ni a fi ń kà wọ́n.